Ìhà Kan Náà: Géèmù Láàárín Òbí àti Ọmọ ní Ilẹ̀ Ìdáàṣà

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ìdáàṣà ní orílẹ̀-èdè Benin, géèmù ni ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá èyí tí òbí àti ọmọ, tàbí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, lè jọ ṣe. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ géèmù ní àwùjọ àgbà báyìí, ìkìlọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń retí: pé ó ń jẹ àkókò, pé ó ń ba ojú jẹ́, pé ọmọ tó bá ti mọ ọ̀nà ilé géèmù kò ní rántí ìwé mọ́. Ìkìlọ̀ náà ní àyè tirẹ̀, n óò sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo bá wá. Ohun tí mo bá wá ni pé irú géèmù kan wà tó ń fi ènìyàn méjì sí ìhà kan náà, tí ìkankan nínú wọn kò sì lè dá borí. Bí òbí àti ọmọ bá jọ ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n nínú ilé Yorùbá: àgbà ń gba ìtọ́sọ́nà lẹ́nu ọmọdé láìsí ẹni tó rí ẹnì kan fín, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìdánudúró, nítorí pé bí wọ́n bá dákẹ́, wọ́n pàdánù nìyẹn. Mo ní ẹ̀rí díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ ibi tí ẹ̀rí náà kò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya oríṣi méjì sọ́tọ̀. Pong, ọ̀kan nínú àwọn géèmù tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ láyé, tí ilé iṣẹ́ Atari ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1972, ìdíje ni. Ènìyàn méjì ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn lójú ẹ̀rọ, ẹnì kan yóò sì borí ẹnì kejì. Ohun tí púpọ̀ nínú wa ṣì mọ̀ sí géèmù nìyẹn, ìdíje tàbí ìjà. Ṣùgbọ́n ní 1978, ilé iṣẹ́ yìí kan náà gbé òmíràn jáde tí wọ́n pè ní Fire Truck. Ọkọ̀ panápaná gígùn kan ni: ẹnì kan ń wa orí rẹ̀ níwájú, ẹnì kejì ń darí ìrù rẹ̀ lẹ́yìn. Bí ẹni iwájú bá yà sí ọ̀tún tí ẹni ẹ̀yìn kò sì bá a yà, ọkọ̀ á forí sọ nǹkan. Kò sí ọ̀tá nínú eré náà àfi títì fúnra rẹ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni It Takes Two, tí ilé iṣẹ́ Hazelight ní orílẹ̀-èdè Sweden gbé jáde ní 2021, tí Josef Fares sì darí iṣẹ́ rẹ̀. Ìtàn tọkọtaya kan ni, àwọn tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀, tí omijé ọmọ wọn sọ di ọmọlángidi. Ní apá kan, ìṣó wà lọ́wọ́ ọkọ, òòlù wà lọ́wọ́ ìyàwó. Ọkọ á ju ìṣó mọ́ ara ògiri, ìyàwó á fi òòlù kọ́ ọn, á sì fi fì kọjá sódìkejì. Ìṣó láìsí òòlù kò wúlò, òòlù láìsí ìṣó kò wúlò. Ẹnì kan ṣoṣo kò tilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pín àmì ẹ̀yẹ ní The Game Awards ní ìparí ọdún yẹn, òun ni wọ́n fún ní ipò géèmù tó dára jù lọ.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí la fẹ́ fi èyí ṣe nígbà tí ayò wà. N kò bá ayò jà. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan: ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ tó kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n, àwọn aládùúgbò yín tó ń sọ Fọ̀n náà sì ń ta á, adji ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀ta àti ọ̀pẹ̀ ni ayò mọ̀. Bí bàbá bá jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́jọ nídìí ọpọ́n, ọ̀kan nínú méjì ni: yálà kó máa pa á láyò títí tí ayò yóò fi sú ọmọ, tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ ta àtamọ́ kí ọmọ lè jẹ, ọmọ yóò sì mọ̀ pé wọ́n ń tan òun ni. A ní eré ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tiwa náà. Nínú ẹkùn mẹ́ran, àwọn ọmọ di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n fi ara ṣe ọgbà yí ẹran ká kí ẹkùn má baà rí i gbé. Ọmọdé nìkan ló ń ṣe é; àgbà jókòó, ó ń wò wọ́n. Ibi tí àgbà àti ọmọdé ti ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ nílé wa, iṣẹ́ ni: oko, àáró, ọ̀wẹ̀, ilé mímọ. Níbẹ̀, àgbà ló ń pàṣẹ, ọmọdé ló ń jẹ́ ẹ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun Dàhòmì ń jáde láti Àgbómì wá kó ènìyàn lẹ́rú, tí àwọn baba ńlá yín ń gun àwọn òkè wọ̀nyí láti fi wọ́n ṣe ibi ìsádi, kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń júwe ọ̀nà. Ohun tó lè pa ènìyàn kò ṣeé fi dán ọmọ wò. Bí a bá wá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, àyè kan ṣófo: kò sí ibi tí àgbà àti ọmọdé ti jọ ń wá ohun kan náà, tí àṣìṣe kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, tí ọmọdé sì lè mọ̀ ju àgbà lọ kó sì sọ ọ́ síta. Àyè yìí ni mo sọ pé géèmù àjọṣe lè dí.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ní Dassa, ìlú Ìdáàṣà yín yìí, ju ní ìlú mìíràn lọ ni ọ̀rọ̀ èdè. Ìlú yín, tí wọ́n ń pè ní ìlú òkè 41, wà ní oríta. Níbí ni ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Kùtọnu ti pín, tí ọ̀kan kọrí sí Ṣábẹ àti Parakou, tí èkejì kọrí sí Savalou àti Djougou. Faransé ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé, Fọ̀n ló ń gbọ́ lọ́jà àti nínú ọkọ̀, èdè Ìdáàṣà ló bá nílé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ilé ló wà nínú ewu jù, kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ohun tí wọ́n ń fi í sọ fún ọmọ ń dínkù. Wá jẹun. Lọ pọn omi. Ṣé o ti wẹ̀? Ta ló fọ́ abọ́? Ọmọ lè lo ọdún mẹ́wàá kó máa gbọ́ irú gbólóhùn wọ̀nyí kó má sì ní ìdí kan láti ṣe àlàyé ohun tó takókó ní èdè ìyá rẹ̀. Àlàyé, àríyànjiyàn, ìtumọ̀ ohun tuntun, Faransé ló ń fi í ṣe. Àwa tó wà ní ìhà Nàìjíríà kò sàn jù yín lọ. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì dípò Faransé nínú ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí, Ìbàdàn ni mò ń júwe.

Ẹ wá wo eré kan tí wọ́n ń pè ní Keep Talking and Nobody Explodes, tí ilé iṣẹ́ kékeré kan, Steel Crate Games, ní ìlú Ottawa lórílẹ̀-èdè Kánádà, gbé jáde ní 2015, tó sì dé orí fóònù ní 2019. Bọ́ǹbù kan wà lójú fóònù, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń rí i. Ẹnì kejì kò gbọ́dọ̀ wo fóònù náà. Ìwé ìtọ́sọ́nà ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀, ẹni tó ń wo bọ́ǹbù kò sì gbọ́dọ̀ wo ìwé. Aago ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Ẹni tó ń wò ó yóò máa júwe ohun tó rí: okùn mélòó ló wà, èwo ni pupa, èwo ló kẹ́yìn nísàlẹ̀, kí ni àmì tó wà lápá òsì jọ. Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wá inú ìwé, yóò bi í ní ìbéèrè, yóò sì ní kó gé ọ̀kan. Kò sí ohun kan nínú eré náà tó kọjá ẹnu. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé tó wà lórí ìwé ò ṣe nǹkan. Ohun tó ń kọjá láàárín àwọn méjèèjì, èdè tí ó bá yá lẹ́nu wọn jù ni. Àwọn okùn náà lè jẹ́ dúdú, funfun, pupa, búlúù tàbí yẹ́lò. Dúdú, funfun àti pupa kò ní wàhálà. Lórí méjì tó kù, bàbá àti ọmọ yóò ní láti fẹnu kò, bóyá àwọ̀ aró ni tàbí àwọ̀ ojú ọ̀run, bóyá wọn yóò pe èkejì ní ìyeyè. Àwọn àmì kan wà tí kò ní orúkọ ní èdè kankan. Ọmọ yóò ní ó jọ ìwo àgbò, bàbá yóò ní kí ìwo náà kọjú síbo. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìjúwe pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú ìkánjú, láti ẹnu ọmọ sí etí àgbà, ni èdè ilé ti ṣaláìní. Ó wù mí ju ọ̀pọ̀ ìwé àkàkọ́ tí a ń tẹ̀ fún àwọn ọmọ wa lọ.

Ẹ̀rí ńkọ́? Ní 2011, Sarah Coyne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Brigham Young ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde nínú Journal of Adolescent Health. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀dọ́ 287, láti ọmọ ọdún 11 sí 16, àti àwọn òbí wọn lẹ́nu wò. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọbìnrin tí òbí wọn ń bá wọn ṣe géèmù máa ń hùwà tó dára sí àwọn ará ilé ju àwọn tí òbí wọn kì í bá ṣe é, ìbínú àti ẹ̀dùn ọkàn wọn kéré, wọ́n sì súnmọ́ òbí wọn sí i, bí géèmù náà bá ṣáà ti bá ọjọ́ orí wọn mu. Ní ti àwọn ọmọkùnrin, wọn kò rí irú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n fi ìwádìí yìí ta ọjà tí kò sí nínú igbá. Ó sọ pé nǹkan méjì jọ ń rìn, kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé tí ìfẹ́ ti wà tẹ́lẹ̀ ni òbí ti ń rí àyè bá ọmọ ṣeré. Wọn kò sì ya eré ìdíje sọ́tọ̀ kúrò lára eré àjọṣe, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwádìí kejì wá, láti yunifásítì kan náà, ní 2018. Mark Keith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn tí wọn kò mọ ara wọn rí jọ sí ẹgbẹ́ 80. Wọ́n kọ́kọ́ rán wọn jáde lọ wá àwọn ibi kan tí wọ́n júwe fún wọn káàkiri. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹgbẹ́ kan jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 45, kálukú ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan jíròrò bí wọn yóò ṣe ṣe é dáadáa sí i. Àwọn tó kù jọ ṣe géèmù ní ìhà kan náà. Nígbà tí wọ́n tún rán wọn jáde, iṣẹ́ àwọn tó ṣe géèmù fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn tó ṣe ìjíròrò ló sọ pé ìṣọ̀kan àwọn ti lé sí i, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn kò lé tó bẹ́ẹ̀. Ìpàdé dùn mọ́ wọn nínú, géèmù ló mú wọn gbọ́ ara wọn yé. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe bàbá àti ọmọ, Utah kò sì jọ Dassa. N kò sọ pé ìdá 20 yẹn yóò wọ inú ilé yín. Ohun tí mo fà yọ níbẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀: jíjọ ṣe nǹkan lábẹ́ ìkánjú ń ṣe iṣẹ́ kan tí ìmọ̀ràn àti ọ̀rọ̀ ìyànjú kì í ṣe. Òbí tó bá ti gba ọmọ rẹ̀ níyànjú títí ẹnu fi bó yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Àtakò tó wúwo jù, tí mo sì bọ̀wọ̀ fún, ni ti àwọn tó sọ pé ọmọ tó bá ń pàṣẹ fún bàbá rẹ̀ nídìí eré lónìí yóò pàṣẹ fún un nídìí oúnjẹ lọ́la. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá kò fi ọjọ́ orí nìkan pín ipò rí. Ìyàwó tó wọlé tuntun ń fi orúkọ àpọ́nlé pe ọmọ tó bá nílé ọkọ, bí ọmọ náà tilẹ̀ kéré sí i lọ́pọ̀ ọdún, nítorí pé ọmọ náà ló ṣáájú rẹ̀ dé inú ilé. Lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó ti gbòmìnira ni ọ̀gá, kódà bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ bá jù ú lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ibi kan ló ń mú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀nà níbẹ̀. Nínú géèmù, ọmọ ló ṣáájú bàbá dé. Èdè wa sì ti pèsè ohun tó ń pa ọ̀wọ̀ mọ́ nínú àṣẹ: Ẹ fò báyìí, bàbá! Ẹ dúró ná! Ẹ má tíì gé e o! Àṣẹ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí àrífín nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń kígbe bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ohun tó le gan-an, ìyẹn bí a ṣe ń tọ́ àgbà sọ́nà pẹ̀lú ìtẹríba, ohun tí yóò nílò lọ́jọ́ tó bá di nọ́ọ̀sì, awakọ̀ tàbí akọ̀wé báńkì.

Àwọn kan tún ń sọ pé ìjà ló ń tìdí irú eré yìí jáde, kì í ṣe ìrẹ́pọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Overcooked, tí ilé iṣẹ́ Ghost Town Games ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2016, iṣẹ́ ilé ìdáná ni: ẹnì kan ń gé ẹ̀fọ́, ẹnì kan ń se é, ẹnì kan ń fọ abọ́, oúnjẹ ń jóná, oníbàárà ń dúró. Ariwo tó máa ń ti ibẹ̀ sọ ti di àpárá láàárín àwọn tó ń ṣe é, kò sì sí ìyá Yorùbá kan tí yóò wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń jó ìrẹsì níná tí kò ní sọ̀rọ̀. Èmi kò ka ariwo yẹn sí àbùkù, bí òbí bá lè fara dà á kí a bá òun náà wí. Òbí tó bá ń bínú gidi nítorí pé ọmọ ṣì í ṣe nínú eré, ó sàn kó fi eré náà sílẹ̀. Ní ti àkókò, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka àìlera géèmù mọ́ àwọn àìsàn inú ìwé rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022: ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, tí géèmù ti gba ipò oúnjẹ, oorun àti iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún kan. Àìsàn gidi ni. Àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè ta ló máa tètè rí i lára ọmọ, òbí tó ń bá a ṣe é ni tàbí èyí tó kàn ń gba owó ilé géèmù lọ́wọ́ rẹ̀? Eré tó nílò òbí kó tó lè bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí òbí bá dìde náà ló ń parí.

Owó àti iná ló kù, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. It Takes Two nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ohun rere kan tí àwọn tó ṣe é ṣe ni pé bí ẹnì kan bá ti rà á, ẹnì kejì lè bá a ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìtún rà á, èyí tó lè wúlò fún bàbá tó wà ní Faransé tí ọmọ rẹ̀ wà níbí. Fún ìyókù wa, ilé géèmù ti wà, páàdì ti wà níbẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ìhà ibí ń pè ní manette. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀ jù, FIFA, tó ti ń jẹ́ EA Sports FC láti 2023. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé nínú eré bọ́ọ̀lù yìí, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, páàdì méjèèjì ṣeé tì sí ìhà kan náà, kí àwọn méjèèjì wà nínú ikọ̀ kan, kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀lù fún ara wọn, kí ẹ̀rọ sì jẹ́ alátakò wọn. Kò gba kọ́bọ̀ sí i. Àwọn ọmọkùnrin ló sábà ń kún irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tí ìwádìí àkọ́kọ́ rí àmì rere lára wọn kì í sì í débẹ̀. Bí ìyá bá wọlé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, ibẹ̀ yóò yàtọ̀ láàárín oṣù kan.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tó ni ilé géèmù, ẹ ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ fún òbí àti ọmọ, kí páàdì méjèèjì wà ní ìhà kan náà lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì dín owó kù fún wọn. Èkejì, ìwé ìtọ́sọ́nà Keep Talking tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, ojú ewé 23 péré ni, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ṣeé tẹ̀ sórí bébà. Fóònù kan àti bátìrì tó kún tó fún eré náà nígbà tí iná bá lọ. Mo mọ̀ pé bọ́ǹbù kì í ṣe orúkọ tí ènìyàn fẹ́ gbọ́ lásìkò tí ìròyìn ìkọlù ń ti ìhà àríwá orílẹ̀-èdè yìí wá, bí ilé kan bá sì kọ̀ ọ́ nítorí bẹ́ẹ̀, kò jẹ̀bi. Eré mìíràn wà. Fún àwọn tí kò kọ̀ ọ́, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni ìtumọ̀ rẹ̀ fún olùkọ́ méjì tó gbọ́ èdè dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí a sì ṣe ẹ̀dà kan ní Ìdáàṣà lọ́tọ̀, kí àwọn àgbà tó mọ orúkọ àwọ̀ àti orúkọ àmì jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́, kí ìwé náà lè wà lọ́wọ́ ìyá àgbà nígbà tí fóònù bá wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe tán láti kópa nínú iṣẹ́ náà, kó má jáde kó tó kọ orúkọ sílẹ̀.